Ọ̀wọ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Dìde

Kí n tó fẹnu kan orúkọ Olóyè Ẹ̀bùnolúwa Ọlọ́runṣògo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ara yín ṣe lórí ìjókòó. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e mì. Olóyè kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun níbi tí nǹkan bá ti ń ró wọnkọwọnkọ lẹ́nu èèyàn.

Nígbà tí Olóyè wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, òun ni ọ̀gá pátápátá fún àwọn tó ń gé koríko ẹ̀bá títì. Mi ò sọ pé iṣẹ́ kékeré ni o. Koríko ń hù, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ̀yìn tì sí Ìgàndò, kò rí koríko kankan tí yóò máa pàṣẹ fún mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó tó ọdún mélòó kan tó fi ń wá ohun tí yóò jẹ́ alága rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oògùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìtura-Ayọ̀. Àwọn kan tó ń ṣe oògùn gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun wá síbẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ bí yóò ṣe bá ara èèyàn mu kí wọ́n tó máa tà á fún gbogbo ayé. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá sì fọwọ́ sí i pé àwọn yóò máa fi kún èyí tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gba ojúlówó oògùn, àwọn kan ń gba hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìyẹ̀fun lásán ló wà nínú rẹ̀. Ta ló ń gba èwo? Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mọ̀. Aláìsàn ò gbọdọ̀ mọ̀, nọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ mọ̀, dókítà gan-an ò gbọdọ̀ mọ̀, kí ojúsàájú má baà wọ iṣẹ́ náà. Inú kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ti àṣírí yẹn mọ́.

Òfin sì sọ pé ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa ṣọ́ ààbò àwọn tó ń lo oògùn náà. Iṣẹ́ wọn kò le: kí wọ́n bi aláìsàn léèrè ohun tí oògùn ń ṣe fún un tí a kò rán an, kí wọ́n sì tètè ké sí àwọn olóògùn tó ni ín. Òfin tún sọ pé ará àdúgbò kan tí kì í ṣe oníṣègùn gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Olóyè wá sí ìpàdé àkọ́kọ́, ó gbé àga onítìmùtìmù tirẹ̀ wá láti ilé. Àwọn yòókù wo àga náà, wọ́n wo ike tí àwọn fúnra wọn jókòó lé, wọ́n sì fi í ṣe alága.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé àwọn aláìsàn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, Olóyè dìde, ó húkọ́, ó dúró kí ikọ́ náà rìn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru," ó ní, "láti òní lọ, ẹ má bẹ̀rù mọ́. Èmi ni odi yín. Èmi ni ògiri yín. Èmi ni agboòrùn tó dúró láàárín ẹ̀yin àti òjò oògùn. Oògùn kóògùn tó bá fẹ́ ṣe yín ní ṣùtá, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá rí mi ní ọ́fíìsì!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ṣé ara le?"

"Ara le!"

"Ṣé ohun kan ń ṣe ẹnikẹ́ni?"

"A dúpẹ́!"

Sísítà Testimony, nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìdáhùn wọn, gbé bírò sókè. "Olóyè, sà, ṣé kò ní dáa ká máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Nínú yàrá?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ̀? Testimony, àbí o ò gbọ́ ni? Wọ́n ní ara le."

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Tí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá ní gbangba bóyá ara rẹ̀ le, kí itan rẹ̀ ti kán sí méjì, yóò ní a dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìgbìmọ̀ ààbò nìkan ni kò yẹ kó gbà á gbọ́.

Olóyè tún wá fi òfin tirẹ̀ kún un: kí aláìsàn tó jókòó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí òun bó ṣe yẹ. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kí i, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jókòó. Ṣùgbọ́n bí oògùn ti ń wọ̀ wọ́n lára, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á tún gbé e padà. Wọ́n á wá ẹsẹ̀ àga dì mú. Ẹni tó bá fẹ́ fi agídí dìde á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á tún padà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oògùn náà ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ibi tó yẹ kó dúró ni kò mọ̀. Bí ẹni tó ń lò ó bá dìde lójijì láti ilẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, ojú á ṣú. Ẹnikẹ́ni tó ní orí lọ́rùn ì bá ti rí i. Olóyè náà ní orí lọ́rùn, ṣùgbọ́n fìlà ló ń lò ó fún.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Testimony, wò ó! Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba, kò sẹ́ni tó kí mi báyìí rí. Wọn ò fẹ́ dìde!"

"Olóyè, ó jọ pé wọn ò lè dìde ni, sà."

"Wọn ò lè! Ọ̀wọ̀ ti wọ̀ wọ́n léegun! Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí n kọ kí ni, sà?"

"Kọ ọ́ pé: ìrẹ̀lẹ̀."

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé nínú ìròyìn tí Ìgàndò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn olóògùn, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ òòyì sí ṣófo, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ dídákú sí ṣófo. Nísàlẹ̀ ni Olóyè fúnra rẹ̀ wá kọ ọ́ sí pé ìrẹ̀lẹ̀ àwọn aláìsàn wa ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìdarí alága.

Olóyè kì í jẹ́ kí ìwà rere lọ lásán. Ó tún gbọ̀ngàn rẹ̀ tò. Àwọn tó bá pẹ́ nílẹ̀, ó kó wọn síwájú, abẹ́ fáànù, ó sì ń fún wọn ní mọ́ọ̀tì tútù mu. Àwọn tó bá fò dìde wéré, ó ní wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó kó wọn sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń bú mọ́ wọn. Mùíz tó ń tún fóònù ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá wà lára àwọn ará ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, ó wo mọ́ọ̀tì, ó wo oòrùn tó ń jó o lórí, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó sùn lọ síbẹ̀ ni. Olóyè ní ìrònúpìwàdà nìyẹn, ó sì gbé e lọ síwájú.

Nínú gbogbo àwọn ará iwájú, kò sẹ́ni tó wu Olóyè tó Nùrẹ́nì, káfíńtà tó ń kan òrùlé ní Akówonjò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀, Qonitah, tó ń rán hìjáàbù fún àwọn ọmọléèwé, ni kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó wá sí ọ́fíìsì Olóyè, ìyẹn yàrá tí ilé ìwòsàn ń kó tìmùtìmù tó ti ya sí. Ó kúnlẹ̀, ó sì dìde lójú ẹsẹ̀. Olóyè fajú ro.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni. Nùrẹ́nì káfíńtà."

"Nùrẹ́nì! Ọmọ dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tán lórí rẹ̀."

"Òòyì ni, sà. Láàárọ̀ yìí, ó forí kanlẹ̀ nídìí ìrun, kò lè gbé e. Ògiri ló dì mú kó tó dìde."

Olóyè fara ti tìmùtìmù. "Ìyáàfin, ẹ ò mọ oore. Oògùn tó ń jẹ́ kí ọkọ yín pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀! Àwọn àlùfáà mélòó ló rí irú ẹ̀?"

"Olóyè, òrùlé ló ń kàn! Ẹni tí òòyì kọ́ lórí ẹní, ẹní á gbà á. Ta ló máa gba tèmi tó bá jábọ́ láti orí páànù? Ẹ bá a sọ ọ́ fún àwọn olóògùn kí wọ́n dín in kù fún un."

"Ìyáàfin, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ààbò ọkọ yín. Bó bá ṣubú, ta ni ojú á tì? Èmi. Ojú kì í sì í tì mí. Nítorí náà, kò lè ṣubú." Ó dúró kí ọgbọ́n náà wọ̀ ọ́ létí. "Ẹ tún gbọ́. Ilé mi alájà méjì tó wà n'Ípájà, òun ni mo fún ní òrùlé ẹ̀ kàn. Ṣé èèyàn á fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọmọ tó fẹ́ràn sókè kó ṣubú ni? Ẹ máa lọ, kí ọkàn yín balẹ̀."

Ọkàn Qonitah kò balẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún Nùrẹ́nì pé, "Bàbá Fàtíà, bó ò bá fẹ́ fi oògùn sílẹ̀, fi òrùlé sílẹ̀."

"Kí n fi òrùlé Olóyè sílẹ̀? Ẹni tó ń fún mi ní mọ́ọ̀tì?"

"Mọ́ọ̀tì ló máa gbé ẹ sọ̀ kalẹ̀, àbí?"

"Tí n bá ní òòyì ń kọ́ mi, wọ́n á lé mi kúrò níbẹ̀. Bípí tó ti wálẹ̀ yìí á tún gòkè. Gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó máa lọ jàre."

Ó nawọ́ mú hámà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tàsé, ó tún nà án. Ilé ló ń yí.

Lákòókò yìí, Dókítà Jọkẹ́ Ṣóbọ̀wálé, tó ń bá àwọn olóògùn ka ìròyìn tó ń wọlé láti ibi gbogbo, ti ń fọwọ́ họrí. Àwọn ìlú yòókù tí wọ́n ti ń dán oògùn kan náà wò ń ké òòyì. Ìgàndò nìkan ló ń ké ìrẹ̀lẹ̀. Ó tẹ ilé ìwòsàn láago pé òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí ohun tí alága ń ṣe.

Olóyè gbọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé àmì ẹ̀yẹ ń bọ̀. Ó rán agbádá tuntun. Ó kọ́ àwọn aláìsàn bí gbogbo wọn yóò ṣe lọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí àlejò bá wọlé. Nùrẹ́nì nìkan ló fún láyè kó má wá, nítorí òjò ti ń ṣú, Olóyè kò sì fẹ́ kó rọ̀ sínú pálọ̀ òun.

Nígbà tí Qonitah jí lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Ìpájà, ó fi iṣẹ́ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Ó fẹ́ rí àlejò náà, bó tiẹ̀ máa fò gba fèrèsé wọlé.

Dókítà Jọkẹ́ wọ gbọ̀ngàn. Olóyè gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn lọlẹ̀ wìì, bí oko àgbàdo tí ìjì gbà kọjá. Àwọn ará ẹ̀yìn dìde. Àwọn ará iwájú kò dìde.

"Àlejò wa pàtàkì," Olóyè bẹ̀rẹ̀, "ẹ wo èso iṣẹ́ mi nílẹ̀."

"Olóyè, kí ló dé tí àwọn tiwájú ò dìde?"

"Ọlọ́wọ̀ ni wọ́n. Èmi ni mo yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mo kó wọn sí."

Dókítà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Àwọn tó ń gba oògùn níwájú, àwọn tó ń gba ìyẹ̀fun lẹ́yìn. Àṣírí tí wọ́n tì mọ́ inú kọ̀ǹpútà, tí èmi gan-an ò gbọdọ̀ mọ̀, lẹ fi àga tò sílẹ̀ fún gbogbo ayé yìí?"

"Ẹ ṣeun, dókítà," Olóyè dáhùn, ó sì tẹrí ba.

"Eléyìí tó ń hanrun ńkọ́?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mà," Sísítà Testimony ní. "Mùíz ni. Mọ́ọ̀tì ló ń wá."

Dókítà lóṣòó ti màmá àgbàlagbà kan, Ìyá Táyéwò, tó ṣì wà lórí eékún, tó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. "Màmá, kí ló ń ṣe yín?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ sọ ọ́ sí mi létí."

Màmá wo Olóyè, ó fi ìborùn bo ẹnu, ó sọ ọ́ sí i létí. Ó pẹ́ tó ń sọ ọ́. Dókítà so ẹ̀rọ bípí mọ́ ọn lápá, ó wọ̀n ọ́n níbi tó wà. Ó rọra gbé e dìde, ó tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ náà já wálẹ̀ bí korobá tó já okùn nínú kànga.

"Olóyè, ìrẹ̀lẹ̀ yín rèé," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni má dìde lójijì! Ẹ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Kí gbogbo yín dá hóró náà dúró lónìí títí ẹ ó fi gbọ́ lẹ́nu mi." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí àga kan tó ṣófo lábẹ́ fáànù. "Àga ta nìyí?"

"Ti ọkọ mi ni, mà!" Qonitah ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Káfíńtà ni. Orí òrùlé ló wà n'Ípájà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ilé Olóyè ló ń kàn!"

Gbogbo ojú yí sí Olóyè. 

"Ó gbàyè lọ́wọ́ mi," Olóyè sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́.

Wọ́n pe Nùrẹ́nì títí, kò gbé e. Hámà kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ fóònù. Ni wọ́n bá kó sínú jíìpù Olóyè. Ó ti pẹ́ tí Olóyè ti ń wá ọjọ́ tí yóò tẹ fèrè bíi ti gómìnà gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì gbádùn ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Ìpájà, Nùrẹ́nì lóṣòó sórí igi òrùlé, téńté, ìṣó wà lẹ́nu ẹ̀. Ó gbọ́ fèrè, ó bojú wolẹ̀, ó rí Olóyè. Inú ẹ̀ dùn. Ó tu ìṣó nù, ó gbé hámà sílẹ̀.

"Háà! Ẹ káàbọ̀, Olóyè! Ẹ jẹ́ kí n kí yín bó ṣe yẹ, sà!"

Ó sì fẹ́ nàró kó tó dọ̀bálẹ̀ sórí pákó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu Olóyè Ẹ̀bùnolúwa Ọlọ́runṣògo.

"Má kí mi!"

Nùrẹ́nì dúró lórí eékún kan. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí! Jókòó! Fi ìdí jókòó!"

"Kí n jókòó kí àgbà? Olóyè, wọ́n kọ́ mi nílé o."

"Gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ! Mo ní má bọ̀wọ̀ fún mi! Mi ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún!"

Àwọn ará àdúgbò ti yọrí lójú fèrèsé. Mẹkáníìkì kan jáde lábẹ́ mọ́tò. "Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó nilé ni."

"Kí ló ń wí?"

"Ó lóun ò yẹ lẹ́ni ọ̀wọ̀."

"Ẹn-ẹ́n. Ó kúkú mọ̀."

"Bàbá Fàtíà!" Qonitah ké. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má dìde!" Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ò ṣeé dá dúró. Nùrẹ́nì ti gbé ẹsẹ̀ kejì. Ara rẹ̀ ń mì lókè bí aṣọ tó wà lórí okùn.

Ni Olóyè bá wó lulẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ tí àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì fi sílẹ̀, agbádá tuntun, fìlà àti gbogbo rẹ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Jókòó."

Nùrẹ́nì kò rí irú ẹ̀ rí láyé. Àgbàlagbà, olóyè, alága, lórí ikùn níwájú òun káfíńtà!  Ìdí rẹ̀ gba igi òrùlé pàà, ó fi apá méjèèjì gbá igi náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ dìde, sà! Ẹ má ṣépè fún mi! Mo ti jókòó o, ẹ wò ó, mo ti jókòó!"

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gun òkè lọ bá a. Wọ́n so okùn mọ́ ọn níbàdí, wọ́n sì ń fi ìjókòó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí àkàbà, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń gbé ẹyin. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, Qonitah gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a, ó wá dì mọ́ ọn. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Olóyè pẹ́ nílẹ̀ gan-an. Kì í sì í lo oògùn kankan.

Àwọn olóògùn dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Sísítà Testimony ló ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá, kò sì ní gba "a dúpẹ́" lẹ́nu wọn àfi bó bá ti kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan míì. Nùrẹ́nì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó yẹ, orí rẹ̀ náà wà níbi tó yẹ. Ní ti Olóyè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tó ti ṣe, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó má ṣe é mọ́.

Bí ẹ bá rí i ní Ìgàndò báyìí, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde. Àwọn èèyàn ṣì ń kí i, ẹ má rò pé wọ́n pa á tì. Wọ́n á nàró ṣánṣán níwájú rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, títí kan àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ru rí, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Olóyè. Ẹ má bínú, a ò lè tẹ̀ kí yín o, ọ̀rọ̀ ààbò ni." Olóyè á mi orí, á kọjá. Kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí gbogbo Ìpájà ló gbọ́ "Má bọ̀wọ̀ fún mi" lẹ́nu rẹ̀.